Sáfà ọlọ́pọlọ méjì láì jẹ gbèsè: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣa ẹ̀yà ẹ̀

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ to sáfà ọlọ́pọlọ méjì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà míì, ẹ má kọ́kọ́ ra pùrósẹ́sọ̀ tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná ká tó sọ ohunkóhun, torí ibẹ̀ lèmi gan-an ti kọsẹ̀. Mo rí Xeon (pùrósẹ́sọ̀ sáfà ti Intel) méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì tówó wọn ò ju owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ, mo ní háà, ọjà ti dé, mo sanwó kíá, wọ́n dé, mo tọ́jú wọn sínú dúrọ́ọ̀, ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń jókòó lé) tó máa gba àwọn méjèèjì lójú mi tó là, torí owó bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tó ìlọ́po mẹ́rin owó pùrósẹ́sọ̀ méjèèjì. Mo ti ra gàárì sílẹ̀ nígbà tí mi ò tíì lẹ́ṣin. Kówó tí mo ti ná má baà ṣòfò, mo tún lọ ra bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú kan tí wọ́n yọ lára sáfà ilé-iṣẹ́ ńlá kan, ó dé, mo wò ó yí po, ibi tí wọ́n ń ki wáyà iná bọ̀ ò bá páwà (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) kankan tí wọ́n ń tà nígboro mu. Ó ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi dòní.

Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ ò ṣòro. Àwọn dátà sẹ́ńtà ńlá máa ń pààrọ̀ sáfà wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí wọ́n bá sì pààrọ̀ ẹ̀ tán, pùrósẹ́sọ̀ rọrùn láti yọ, ó kéré, kò wúwo, kì í tètè bàjẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ ló ń ya sọ́jà. Bọ́ọ̀dù ní tiẹ̀, ìwọ̀n kéèsì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni wọ́n gé e sí, ẹlòmíì ò rọ́nà lò ó, ààtàn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ ń lọ. Pùrósẹ́sọ̀ wá pọ̀ bíi yanrìn, bọ́ọ̀dù tó bá ẹ̀yà ìgboro mu ló wọ́n. Ibi tó wọ́n yẹn làwa máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ bi ara yín bóyá ẹ nílò ẹ̀ ṣá

Mo mọ̀ pé ó wù yín, ó wu èmi náà. Àmọ́ tó bá jẹ́ fáìlì ilé, fọ́tò ìgbéyàwó àti fíìmù lẹ fẹ́ kó síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré àlòkù kan ti tó, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Tó bá jẹ́ géèmù, ẹ sá fún un pátápátá, torí core (ọpọlọ kéékèèké inú pùrósẹ́sọ̀) kọ̀ọ̀kan nínú àwọn Xeon yìí lọ́ra ju ti pùrósẹ́sọ̀ tuntun olówó kékeré lọ. Kódà Ryzen 9 5950X (pùrósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà ilé ti AMD) kan ṣoṣo tó ní core 16 máa na Xeon E5-2680 v4 méjì tí core wọn jẹ́ 28 nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, iná tó sì máa jẹ kéré sí tiwọn dáadáa.

Kí ló wá kù tá a fi ń dààmú? RAM àti àyè ni. Bọ́ọ̀dù Ryzen yẹn ò gbà ju RAM 128GB lọ, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀dù Xeon méjì tó ní ojú RAM 16 máa gbé 512GB tẹ́ ẹ bá ki 32GB 32GB bọ gbogbo ẹ̀, Xeon kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà PCIe (èyí tí káàdì ń gbà bá pùrósẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀) 40, méjèèjì jẹ́ 80, ẹ lè to káàdì nẹ́tíwọ̀kì, káàdì dísìkì àti dísìkì NVMe tó yára sí i kó má kún. Ẹni tó fẹ́ gbé VM ogún, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ system admin, ìyẹn àbójútó sáfà, tó fẹ́ ní lab tiẹ̀ nílé, ẹni tó ní dátábéèsì tó fẹ́ kó jókòó sínú RAM pátá, irú àwọn yẹn ni nǹkan yìí wà fún. Tẹ́ ẹ ò bá sí nínú wọn, ẹ gba owó yín là jàre.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú ìran tẹ́ ẹ máa rà

Tówó bá jẹ́ kékeré, ìdílé Xeon E5 lọ̀rọ̀ wà. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka orúkọ ẹ̀ torí àwọn tó ń tà á kì í ráyè ṣàlàyé. Nọ́ńbà tó kọ́kọ́ tẹ̀lé E5 ló ń sọ iye tó lè jọ ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù kan: E5-1 ń dá gbé, E5-2 lè jẹ́ méjì, E5-4 lè jẹ́ mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá lọ ra E5-1650 méjì torí pé GHz ẹ̀ ga, àpọ́n méjì lẹ rà yẹn, wọn ò ní gbélé kan náà láéláé. Lẹ́tà v tó wà lẹ́yìn orúkọ ni ìran: èyí tí ò ní v kankan jáde ní 2012, v2 ní 2013, v3 ní 2014, v4 ní 2016. Ọ̀pọ̀ nínú ìran àkọ́kọ́ àti v2 ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì (ojú tí pùrósẹ́sọ̀ ń jókòó sí) LGA 2011 pẹ̀lú RAM DDR3, v3 àti v4 ń lo LGA 2011-3 pẹ̀lú DDR4. Orúkọ jọra, wọn ò bára wọn mu o. Ẹ má sì rò pé ọdún ni 2011 yẹn, iye pín tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni, a ṣì máa padà sọ́dọ̀ àwọn pín yẹn.

Ìran àkọ́kọ́ àti v2 ti pọ́ọ́kú gan-an, RAM DDR3 wọn náà ò wọ́n, ó sì ń fa ojú mọ́ra pàápàá látìgbà tówó RAM ti fò sókè ní ìparí 2025. Àmọ́ wọn ò ní AVX2, ìyẹn àwọn àṣẹ ìṣirò kan tó ń jẹ́ kí pùrósẹ́sọ̀ yára, v3 sókè ló ní in, sọ́fúwíà tó sì ń béèrè fún AVX2 ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, kódà Red Hat Enterprise Linux 10 ò gbà láti ṣiṣẹ́ lórí pùrósẹ́sọ̀ tí ò ní in. Ẹni tó kàn fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ lè fi v2 bẹ̀rẹ̀, mi ò ní bá a jà. Èmi o, v4 ni màá rà.

Ẹnì kan á ní Xeon Scalable ti 2017 ńkọ́, EPYC (pùrósẹ́sọ̀ sáfà ti AMD) ńkọ́. Wọ́n dáa jù ú lọ, mi ò jiyàn, àmọ́ bọ́ọ̀dù LGA 3647 ti Xeon Scalable àti kúlà (ohun tó ń tu pùrósẹ́sọ̀ lára) ẹ̀ ṣì ń gba owó, EPYC sì ní ọ̀rọ̀ kan lára tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: àwọn kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ti tì mọ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ lò wọ́n, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí bọ́ọ̀dù míì kò ní tàn rárá, ẹ ò sì lè fojú mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá máa ra EPYC àlòkù, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ṣé wọn ò tíì tì í mọ́ bọ́ọ̀dù kankan, kẹ́ ẹ sì gba èsì yẹn sílẹ̀ ní kíkọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Bọ́ọ̀dù

Ibí ni kẹ́ ẹ ti lo ọ̀sẹ̀ méjì tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Oríṣi mẹ́ta lẹ máa bá lọ́jà.

Àkọ́kọ́ ni bọ́ọ̀dù sáfà tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò, bíi Supermicro X10DRi, X10DRL-i, tàbí ASUS Z10PE-D8 WS. Gbogbo wọn wà lórí chipset (ẹ̀rọ kékeré tó ń darí bọ́ọ̀dù) C612, wọ́n gba v3 àti v4. X10DRi ní ojú RAM 16, ó fẹ̀ gan-an, ínṣì 12 sí 13. X10DRL-i ní ojú RAM 8 péré, àmọ́ ínṣì 12 sí 10 ni, ó máa wọ kéèsì ATX (ìwọ̀n tó wọ́pọ̀) tó láyè díẹ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀ fún ẹni tí ò láyè púpọ̀ nílé. Èyí tó ní ojú RAM 8 yẹn ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ìkejì ni àwọn bọ́ọ̀dù X99 onísọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà, tuntun ni wọ́n, owó wọn rọrùn, àwọn èèyàn ń lò wọ́n. Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mi ò fẹ́ lára wọn ni pé ọ̀pọ̀ ò ní IPMI, tí BIOS (ètò tó ń tan bọ́ọ̀dù) bá sì ní àrùn, kò dájú pé ẹ máa rí ẹni tó máa tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá máa fi sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ó dáa. Tó bá jẹ́ nǹkan tó máa wà ní ilé-ìtajà nígbà tẹ́yin wà nílé, rárá.

IPMI yẹn ńkọ́? Ó dà bíi kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń gbé lórí bọ́ọ̀dù, tó ní ojú nẹ́tíwọ̀kì tiẹ̀, tó máa ń wà lójúfò nígbà tí sáfà gan-an ti kú, tẹ́ ẹ lè fi tan sáfà láti yàrá, kẹ́ ẹ rí ojú síkírìnì ẹ̀, kẹ́ ẹ wọ BIOS láì gbé mọ́nítọ̀ sún mọ́ ọn. Ó tún ní ojú fídíò tiẹ̀, ẹ ò nílò káàdì gíráfíìsì. Lórí àwọn Supermicro àtijọ́ yìí, orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tó bá a wá ni ADMIN àti ADMIN, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má sì jẹ́ kó rí íntánẹ́ẹ̀tì tààrà láéláé, torí ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ ti gba gbogbo ilé.

Ìkẹta ni èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Àwọn tí wọ́n yọ lára sáfà Dell, HP, Lenovo. Bọ́ọ̀dù tó lágbára ni wọ́n, àmọ́ ihò síkúrù wọn, ojú iná wọn, wáyà fáànù wọn, tiwọn ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn wọn, ẹ ra odindi sáfà náà pẹ̀lú kéèsì ẹ̀, ìyẹn tiẹ̀ lè dín owó kù ju kẹ́ ẹ máa ṣa ẹ̀yà lọ, àmọ́ ariwo fáànù ẹ̀ dà bíi bààlú tó fẹ́ gbéra, ẹ ò ní lè sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí pín. Lára Xeon yìí, ara bọ́ọ̀dù ni pín wà, kò sí lára pùrósẹ́sọ̀, ọ̀kan péré tó bá tẹ̀ nínú 2011 yẹn lè pa ojú RAM kan tàbí kó má jẹ́ kí bọ́ọ̀dù tàn rárá. Ẹ má sanwó fún bọ́ọ̀dù àlòkù láì rí fọ́tò sọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì, fọ́tò tó mọ́ dáadáa, tí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́, pín tó bá tẹ̀ máa tàn yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé "ó dáa jọ̀ọ́, kò sí wàhálà" tí ò fẹ́ ya fọ́tò, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ike tó ń bo sọ́kẹ́ẹ̀tì máa wà lórí ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi ránṣẹ́. Kẹ́ ẹ tún béèrè irú BIOS tó wà lórí ẹ̀, torí bọ́ọ̀dù tó jáde nígbà v3 ò ní mọ v4 títí tẹ́ ẹ fi máa sọ BIOS ẹ̀ di tuntun, èmi yá v3 kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi fún ọ̀sán kan ṣoṣo kí n tó rí i ṣe.

Ìgbésẹ̀ 4: Pùrósẹ́sọ̀

Ibí ti rọrùn báyìí. Méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà, àti kóòdù kan náà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SR lára irin ẹ̀, E5-2680 v4 fún àpẹẹrẹ SR2N7 ló máa ń gbé. Tẹ́ ẹ bá rí "Intel Confidential" lára irin náà, ẹ̀yà àyẹ̀wò ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún títà, gbàrọgùdù ni, ẹ gbé e padà.

E5-2680 v4 ni màá sọ pé kẹ́ ẹ rà tẹ́ ò bá ní ìdí míì: core 14, 2.4GHz, 120W, ó pọ̀ lọ́jà, owó ẹ̀ sì dáa. E5-2667 v4 ní core 8 péré àmọ́ 3.2GHz ni, fún ẹni tí sọ́fúwíà ẹ̀ ń fẹ́ eré ju kí core pọ̀ lọ. E5-2699 v4 ní core 22, 145W, owó ẹ̀ ò bá àkọlé ọ̀rọ̀ yìí mu. E5-2650L v4 wà náà, core 14, 1.7GHz, 65W, àwọn èèyàn sì máa ń sáré rà á torí iná, ẹ dákun ẹ gbọ́ mi níbí: L yẹn ń dín iná kù nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ni o, tí sáfà bá jókòó láì ṣe nǹkan kan, L àti èyí tí kì í ṣe L ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Sáfà ilé sì rèé, jíjókòó ló máa ń ṣe jù. Ibi tí L ti wúlò lóòótọ́ ni ooru àti ariwo.

Ìgbésẹ̀ 5: RAM

Báyìí ni RAM ṣe rí: pùrósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà RAM mẹ́rin tiẹ̀, ó sì fẹ́ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní nǹkan nínú. Nítorí náà ègé mẹ́jọ lẹ máa rà, mẹ́rin síbí mẹ́rin sọ́hùn-ún. 16GB mẹ́jọ, ìyẹn 128GB, dáa ju 64GB méjì lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kan náà ni. Ẹni tówó ẹ̀ ò tó lè ra 8GB mẹ́jọ kó máa lò ó lọ.

RAM sáfà là ń sọ o, RDIMM tàbí LRDIMM. RAM kọ̀ǹpútà ilé máa wọ ojú ẹ̀ wẹ́rẹ́, DDR4 méjèèjì rí bákan náà, àmọ́ bọ́ọ̀dù ò ní tàn, ẹ̀yin á sì máa rò pé bọ́ọ̀dù ló bàjẹ́. Ẹ ka ara ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bíi 2Rx4 PC4-2400T-RA1, R tó wà lẹ́yìn 2400T yẹn ni RDIMM. Tó bá jẹ́ L ló wà níbẹ̀, LRDIMM ni. U tàbí E, ẹ fi sílẹ̀. R àti L ò gbọ́dọ̀ jọ wà lórí bọ́ọ̀dù kan. v4 ń lo 2400, v3 ń lo 2133, tẹ́ ẹ bá ki 2133 sí v4 kò sí ìjà, eré 2133 ló máa sá.

Ohun míì tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: tẹ́ ẹ bá fi pùrósẹ́sọ̀ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ torí owó, ìdajì ojú RAM àti àwọn ojú PCIe kan á kú títí tí ìkejì fi máa dé, torí tiẹ̀ ni wọ́n. Méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ gba ọ̀nà QPI, àmọ́ RAM tó wà lọ́dọ̀ ẹnì kejì máa ń jìnnà ju ti ilé ẹni lọ, bí ẹni tó ń yá ata lọ́wọ́ aládùúgbò, ó máa rí i ṣáá, àmọ́ ó máa kọ́kọ́ jáde síta ná. NUMA ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá ń to VM, ẹ má jẹ́ kí VM kan tóbi ju core àti RAM ẹ̀gbẹ́ kan lọ, ẹ máa rí i pé ara ẹ̀ á yá.

Ìgbésẹ̀ 6: Kúlà àti kéèsì

Sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ní férémù irin oríṣi méjì, ihò síkúrù ti ọ̀kan jẹ́ 80mm sí 80mm, ti èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, 56mm sí 94mm. Kúlà ọ̀kan ò wọ èkejì àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó gba méjèèjì. Ẹ fi rúlà wọn bọ́ọ̀dù yín, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́. Noctua NH-U9DX i4 gba méjèèjì, owó ẹ̀ ló kàn máa dùn yín. Ẹ má ra èyí tí kò ní fáànù lórí tí wọ́n yọ lára sáfà pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ tó lágbára gan-an nìyẹn gbójú lé, kò sí i nínú kéèsì ilé.

Kéèsì, ẹ wá èyí tó kọ SSI-EEB (ìwọ̀n bọ́ọ̀dù sáfà ńlá) sára, Phanteks Enthoo Pro 2 gbà á. Tó bá jẹ́ pé kéèsì àtijọ́ tẹ́ ẹ ní lẹ fẹ́ lò, ẹ wo àwọn ìdè kéékèèké tí bọ́ọ̀dù máa ń jókòó lé, èyí tí ò bá ní ihò bọ́ọ̀dù lókè ẹ̀, ẹ tú u kúrò, torí tó bá fẹnu kan ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, iná á pàdé iná. Ẹ fi àsẹ́ sí iwájú fáànù pẹ̀lú. Ẹni tó wà n'Íbàdàn tàbí Ìlọrin mọ ohun tí ọyẹ́ máa ń ṣe, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì mo máa ń ṣí tèmi gbọn eruku dànù lọ́sẹ̀ méjì méjì.

Ìgbésẹ̀ 7: Páwà, NẸ́PÀ, ínfátà

Ọ̀bẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, àmọ́ ọ̀bẹ̀ yìí, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ tán ló tún ń gbowó.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀. Pùrósẹ́sọ̀ méjì jẹ́ 240W tí wọ́n bá ń sáré, RAM mẹ́jọ bíi 30W, bọ́ọ̀dù àti fáànù bíi 60W, dísìkì mẹ́rin bíi 35W, a ti ń sún mọ́ 370W. Páwà 650W tó ní 80 Plus Gold máa gbé e láì làágùn. Ohun tó ṣe pàtàkì ju wáàtì lọ ni wáyà: bọ́ọ̀dù yìí fẹ́ EPS oníhò 8 méjì, ọ̀kan fún pùrósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ páwà olówó kékeré ò sì ní ju ọ̀kan lọ. Wáyà PCIe tó wà fún káàdì gíráfíìsì náà ní ihò 8, ó jọ ọ́, àmọ́ wọ́n to iná inú ẹ̀ lódìkejì, ẹni tó bá fi agbára tì í wọlé máa jó bọ́ọ̀dù ẹ̀ níná. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹnu wáyà, CPU tàbí EPS lẹ fẹ́.

Tó bá jẹ́ páwà tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Èyí tó bá kọ 100-240V ò ní wàhálà. Àwọn àtijọ́ kan ní bọ́tìnì pupa kékeré tó kọ 115 àti 230, tó bá wà lórí 115 tẹ́ ẹ sì kì í bọ iná tiwa, ẹ máa gbọ́ gbàà, èéfín á sọ ìyókù. Mo ti gbọ́ gbàà yẹn rí nínú ṣọ́ọ̀bù kan n'Íkẹjà, gbogbo wa la sá jáde.

Owó iná wá ńkọ́. Tèmi ń jẹ bíi 150W tá a bá pín ọjọ́ dọ́gba. 150W fún wákàtí 24 fún ọjọ́ 30 jẹ́ yúníìtì 108. Nígbà tí wọ́n gbé owó Band A dé ₦225 fún yúníìtì kan ní oṣù Kẹrin 2024, iye yẹn jẹ́ ₦24,300 lóṣù, fún sáfà nìkan o, ẹ ò tíì tan fíríìjì. Ẹ fi iye tí wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ yín báyìí ṣírò tiyín. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa pa tèmi lóru láti IPMI, kò sí ẹni tó ń lò ó.

Fún bátìrì: 12V 200Ah kan jẹ́ 2400Wh lórí ìwé, tẹ́ ẹ ò bá sì fẹ́ kí bátìrì onítubúlà tètè kú, ìdajì ẹ̀ lẹ máa lò, ìyẹn 1200Wh, sáfà 150W máa gbé bíi wákàtí méje lórí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá yọ èyí tí ínfátà ń jẹ dànù. Kí ínfátà jẹ́ pure sine wave. Ẹ má ki sáfà tààrà mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré "I better pass my neighbour" láéláé, iná ẹ̀ ń fò sókè sódò, kó gba inú UPS tàbí ínfátà kọjá.

Ìgbésẹ̀ 8: Dísìkì

SSD kékeré kan fún Proxmox (ètò tó ń gbé VM) tàbí Linux tẹ́ ẹ máa gbé sórí ẹ̀, dísìkì ńlá fún dátà. C612 ní ojú dísìkì SATA mẹ́wàá, bọ́ọ̀dù púpọ̀ yọ wọn síta, ẹ lè má nílò káàdì kankan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ SAS (irú dísìkì tí sáfà ń lò), káàdì LSI 9207-8i tó wà ní IT mode, ìyẹn èyí tó ń gbé dísìkì fún Linux tààrà, ló dáa fún ZFS (ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì), kẹ́ ẹ jẹ́ kí fáànù kan fẹ́ sí i torí ó máa ń gbóná. Dísìkì SAS àlòkù kan wà tí wọ́n fọ́máàtì sí 520 byte, ẹ máa rò pé ó ti kú, kò kú, àṣẹ sg_format lórí Linux máa dá a padà sí 512, ó kàn máa gba wákàtí púpọ̀ ni. Dísìkì àlòkù yòówù, ẹ fi àṣẹ smartctl wo wákàtí tó ti lò kẹ́ ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìgbésẹ̀ 9: Ibi tẹ́ ẹ ti máa ra èwo, àti bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò

Ohun tó wúwo, ẹ rà á nílé: kéèsì, páwà, dísìkì, Computer Village ní gbogbo ẹ̀. Ohun tó fúyẹ́, ẹ jẹ́ kó ti òkè òkun wá, pùrósẹ́sọ̀ méjì àti RAM mẹ́jọ ò ju ìwọ̀n fóònù méjì mẹ́ta lọ, ẹ̀gbọ́n yín tó ń bọ̀ wálé fún ọdún láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston lè fi sínú báàgì ọwọ́. Bọ́ọ̀dù wà láàárín méjèèjì, ẹ san owó ẹrù ẹ̀, kí wọ́n dì í dáadáa.

Tí gbogbo ẹ̀ bá pé, ẹ má tíì kó o sínú kéèsì. Ẹ tẹ́ páálí bọ́ọ̀dù sórí tábìlì, ẹ gbé bọ́ọ̀dù lé e, ẹ fi pùrósẹ́sọ̀ kan sí sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, RAM kan sí ojú A1 tiẹ̀, kúlà, wáyà iná, ó tán. Tó bá tàn, ẹ sọ BIOS di tuntun, tó bá jẹ́ pé ìgbà yẹn lẹ yá v3 ọ̀rẹ́ yín, ẹ dá a padà. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà, ẹ wá fi ìkejì sí i pẹ̀lú RAM tó kù. Ẹ gbé MemTest86 (ètò tó ń dán RAM wò) sórí fláàṣì, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Tó bá rí àṣìṣe, ẹ máa yọ ègé kọ̀ọ̀kan títí ẹ máa fi mọ ẹni tó burú, kẹ́ ẹ tún fi ègé tó dáa sójú yẹn, torí ó lè jẹ́ pín sọ́kẹ́ẹ̀tì ló tẹ̀, kó má jẹ́ RAM rárá.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé Linux sórí ẹ̀, ẹ tẹ lscpu, ó gbọ́dọ̀ kọ Socket(s): 2. Ẹ wá tẹ numactl --hardware, ẹ máa rí node 0 àti node 1, kí RAM tó wà níwájú àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tí node 1 bá kọ 0 MB, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ kó gbogbo RAM sí, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà kúrò lára iná, kẹ́ ẹ gbé mẹ́rin lọ sí òdìkejì.